Kéèkì tí Ìyàwó Wa Lè Jẹ

Ìgbà mẹ́ta ni Èyítáyọ̀ wá kí àwọn òbí Láolú nílé wọn ní Oregbeni, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sì fẹnu kan kéèkì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìyá Láolú ní bóyá ojú ló ń ti ọmọ náà. Ní ìgbà kejì, ó gé ègé méjì sínú ike kékeré, ó ní kó máa mú un lọ jẹ nílé. Ní ìgbà kẹta, ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Fẹ́búárì, ó lọ mú Bíbélì rẹ̀ tó gbàgbé sínú ọkọ̀ Láolú, ibẹ̀ ló ti rí ike kékeré náà lábẹ́ ìjókòó. Kéèkì méjèèjì ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti bu.

Kò sọ nǹkan kan lójú àlejò. Ó mú ike náà wọ ilé ìdáná, ó gbé e ka orí tábìlì, ó jókòó tì í.

Títíloyè ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ́mì Kéèkì ni tọmọdé tàgbà ń pè é ládùúgbò. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé ọkọ rẹ̀, Adékúnlé, wá sí Benin láti Ìlá ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni nígbà náà. Kéèkì ni Títíloyè fi di ẹni tí ìlú mọ̀. Bí ọmọ Bini bá fẹ́ fẹ́ ọmọ Yorùbá, bí ọmọ Esan bá fẹ́ gbé ọmọ Urhobo níyàwó, òun ni wọ́n ń wá fún kéèkì ìgbéyàwó, èyí tó dúdú, tó wúwo lọ́wọ́, tí wọ́n ti rẹ èso gbígbẹ inú rẹ̀ sínú ọtí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí ṣúgà jíjó sì sọ àwọ̀ rẹ̀ di bí igi ìrókò àtijọ́. Láolú nìkan lọmọ tó bí. Lọ́jọ́ tí Láolú sọ fún un nínú oṣù Kejìlá pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, ọjọ́ náà gan-an ló rẹ èso sínú ìgò ńlá mẹ́ta fún ìgbéyàwó náà.

"Kí ló rí lọ́wọ́ mi?" Ó bi Adékúnlé nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ.

Adékúnlé wo inú ike náà, ó gbé ojú kúrò. "Ìyá Láolú, bó bá dùn ọ́, bi í."

"Kí n ní kí ni? Kí n bi í bóyá wọ́n ti sọ fún un pé mo máa ń fi nǹkan sí oúnjẹ? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní òun ti yó, Dádì Láolú. Àbí ebi kì í pa ọmọ yẹn rárá?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá rí i pé omi ti wà lójú ìyàwó rẹ̀, ó sì fa àga jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kejì, Títíloyè pe Láolú lórí fóònù. Báńkì ni Láolú ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ bá pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ike, ó mú fóònù jáde síta. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti ṣèlérí fún un."

Ọjọ́rú ni Èyítáyọ̀ wá, òun nìkan, láti Ekiadolor tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Benin ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, sísọ rẹ̀ ló ń fún un ní wàhálà. Ó kúnlẹ̀ kí Títíloyè, kò sì dìde.

"Mọ́mì, abeg, no vex. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ jẹ kéèkì yín. Mi ò lè jẹ ẹ́ ni, ma."

"Kí ló fà á tí o kò lè jẹ ẹ́?"

"Àlìkámà, ma. Fúláwà. My body no dey gree."

Ó wá sọ ọ́, Yorùbá díẹ̀, Pidgin díẹ̀. Láti iléèwé girama ni inú rẹ̀ ti máa ń wú, tó máa ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbẹ bí ìgbálẹ̀. Wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ni. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí òkè àdúrà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbààwẹ̀, nǹkan sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn níwọ̀n ìgbà tí kò jẹun. Àfi ìgbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Jos ni dókítà kan tó mọ̀ nípa ìfun wá ṣàyẹ̀wò rẹ̀, ó sì sọ fún un pé àlìkámà ló ń jẹ ẹ́ nínú. Kó má jẹ búrẹ́dì mọ́, kó má jẹ sẹ̀mó, kó má jẹ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tàbí núdùùsì. Láàárín oṣù méjì, ó sanra débi pé ìyá rẹ̀ kò dá a mọ̀ ní gáréèjì.

"Díẹ̀ náà ńkọ́?" Títíloyè bi í. "Ègé tín-ín-rín?"

"Ẹ̀rún búrẹ́dì kan péré, ma. Ó ti tó láti dá mi dùbúlẹ̀."

Títíloyè jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

Èyítáyọ̀ wo ilẹ̀. "Wọ́n ti kọ̀ mí rí, ma. Ìyá ẹni tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ní ọmọ òun kò ní fẹ́ olókùnrùn. Ó ní ẹni tí ìfun rẹ̀ bàjẹ́ kò lè bímọ. Dókítà sọ pé it's not true, but e no gree hear."

Ìgbà náà ni Títíloyè dìde. Ó fà á dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀, ó ní kó jókòó sórí àga. Ó mú ike kéèkì tó bu náà, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí Láolú bá fi kéèkì sí ọ lẹ́nu, kí lo fẹ́ ṣe?"

"I go hold am for mouth, ma. Tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́, mo máa fi tíṣù nu ẹnu."

"Kó o tutọ́ ẹ̀ dànù?" Ohùn Títíloyè lọ sókè. "Níbi ìgbéyàwó ọmọ mi? Kéèkì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe? Rárá o. Èyí tó o lè jẹ ni mo máa ṣe."

"Ẹ ṣe kékeré kan sápá kan, ma. Èmi nìkan ló máa jẹ ẹ́."

"Ọ̀bẹ kan náà lẹ máa fi gé e. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyàwó bá jẹ ni àlejò máa jẹ."

Ó rọrùn láti sọ. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, fúláwà ni Títíloyè mọ̀. Ó ra ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ funfun, ó fi ṣe kéèkì kékeré kan. Nígbà tó yọ ọ́ nínú ófùnù, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ẹ̀bà tó tutù. Adékúnlé tọ́ ọ wò, ó ní tí ọbẹ̀ bá wà, òun lè fi jẹ ẹ́. Títíloyè kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ra ìrẹsì, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná fún òun, ó fi ìyẹn nìkan ṣe èkejì. Èyí wú dáadáa, ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n bó ṣe fọwọ́ kàn án ló wó bí iyanrìn.

Obìnrin kan tó ń ta sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lọ́jà Ekiosa ló la ojú rẹ̀. Títíloyè ń ṣàlàyé ìṣòro rẹ̀ fún un bí ẹni ń ṣàlàyé fún ara rẹ̀. Obìnrin náà bu sítáàṣì sísè tó ń jẹ, ó nà án láàárín ìka méjì, ó fà á gùn. "Mama, see as e dey draw. Wetin dey draw like this, e no fit hold your cake?"

Títíloyè ra sítáàṣì tí wọn ò tíì sè, ó sá a gbẹ, ó kù ú. Ó fi ìdá kan rẹ̀ pò mọ́ ìdá mẹ́ta ìyẹ̀fun ìrẹsì. Ó fi ẹyin méjì lé iye tó ti máa ń lò. Ó jẹ́ kí àpòpọ̀ náà sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó gbé e sínú ófùnù, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé ìyẹ̀fun ìrẹsì kì í tètè mu omi. Kéèkì kẹta yìí jáde bí kéèkì. Ó gé e, kò wó. Ó jẹ ẹ́, ó jókòó lórí àga ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè.

Ọjọ́ Sátidé ni Láolú wá gbé e lọ fún Èyítáyọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Èyítáyọ̀ pè. Ó ní òun ti jẹ ègé mẹ́ta. Ó ní ọdún mẹ́rin rèé tí òun ti jẹ kéèkì kẹ́yìn. Títíloyè gbọ́ pé ó ń sunkún, òun náà sì ń nu ojú.

Ọjọ́ Ajé ni Láolú pe ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti àná. Kò lè lọ síṣẹ́."

Títíloyè kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ekiadolor. Ó bá Èyítáyọ̀ lórí ẹní nínú yàrá rẹ̀, ó ká jọ, ojú rẹ̀ ti jìn, ètè rẹ̀ funfun. Títíloyè jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Kò sí fúláwà nínú rẹ̀. Mo fi ọmọ mi búra, kò sí."

"Mo mọ̀, ma. I know." Èyítáyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi kéèkì yìí sílẹ̀. Mo máa fi tíṣù nu ẹnu. E no mean anything."

Títíloyè gbé orí rẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ó se ẹ̀kọ fún un, ó dúró títí ó fi sùn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ojú ọ̀nà, nígbà tó ń padà lọ sílé, ó ń ka gbogbo ohun tó lò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn rẹ̀. Ìrẹsì. Sítáàṣì. Ẹyin. Bọ́tà. Ṣúgà. Èso. Nígbà tó ka ìrẹsì lẹ́ẹ̀kejì, ara rẹ̀ ta gìrì. Kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ivie tó ń fi ẹ̀rọ lọ̀ nǹkan lẹ́yìn òpópónà wọn, tó bá a lọ̀ ìrẹsì náà, ló gbà lọ.

"Ivie, yàtọ̀ sí ata àti ẹ̀wà, kí ló tún ń gba inú ẹ̀rọ rẹ yìí?"

Ivie gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi dáhùn. "Mama, everything o. Guinea corn, rice, wheat. That Oga wey get sugar sickness, na wheat im wife dey bring come every week, make e take swallow."

Títíloyè fọwọ́ bo ẹnu: àlìkámà ti dà pọ̀ mọ́ ìrẹsì rẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn. Kò bá Ivie jà. Kí ni Ivie mọ̀? Ó rìn lọ sílé, ó wọ ilé ìdáná rẹ̀, ó na ọwọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ojú kì í dé, ó fi ìka fà á. Ìka náà funfun. Ó fà á lórí fíríìjì, ó funfun. Ó wo ṣíbí onígi rẹ̀, asẹ́ rẹ̀, àwọn agolo kéèkì rẹ̀ tí igun wọn ti dúdú láti ọjọ́ pípẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni fúláwà fi ń fò nínú yàrá yìí.

Nígbà tí Adékúnlé wọlé, ó bá a lórí ìdúró láàárín ilé ìdáná.

"Ẹ wò ó," Títíloyè ní. "Níbí ni mo ti pa ọmọ yẹn lára. Bí mo bá fọ ibí yìí fún oṣù kan, kò lè mọ́ tó."

"Wàá wá ṣe é báwo?"

"Ilé tirẹ̀ ni mo máa ti lọ ṣe é."

Iléèwé ti gba ìsinmi Àjíǹde nígbà tí Títíloyè kó lọ sí Ekiadolor, ìgbéyàwó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ra odó tuntun, asẹ́ tuntun, agolo tuntun mẹ́fà, àti ṣíbí onígi tí ìwé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ófùnù kékeré onígáàsì tó wà nílé Èyítáyọ̀ ni wọ́n máa lò. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, Èyítáyọ̀ yọ jáde, ara rẹ̀ ti yá. Kò jẹ́ kó wọlé.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ yìí, ṣé ẹ ti wọ̀ ọ́ nílé ìdáná yín rí?"

Títíloyè wo aṣọ ara rẹ̀. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀ lẹ́yìn. Mo ti pọn omi síbẹ̀. Mo gbé aṣọ mi kan síbẹ̀ fún yín."

Títíloyè wẹ̀ lẹ́yìnkùlé ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó wọ aṣọ tó fún un láyà, ó padà wá. Èyítáyọ̀ wá tọ́ka sí àwọn ìgò èso mẹ́ta tí Láolú gbé wọlé.

"Èyí ńkọ́, ma? Ta ló ń ṣí i?"

"Èmi ni. Mo máa ń rò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló yé e. Láàárín kéèkì méjì, pẹ̀lú ọwọ́ tí fúláwà wà lára rẹ̀, ló máa ń dúró rò ó. Láti oṣù Kejìlá. Ó na ọwọ́ sí ìdérí ìgò àkọ́kọ́, kò ṣí i. Òórùn rẹ̀ ti wà lára ìdérí náà, ọtí àti ọsàn àti àjàrà.

"Mọ́mì, I'm sorry," Èyítáyọ̀ ní.

"Má sorry. Láolú, gbé e padà sílé. Mo máa fi ṣe kéèkì fún àwọn ẹlòmíì." Ó mí kanlẹ̀. "A óò rẹ òmíràn lónìí. Ọ̀sẹ̀ méjì á tó o. Tí kò bá tó, a óò fi díẹ̀ kún ọtí rẹ̀."

Wọ́n ṣan ìrẹsì, wọ́n sá a sórí aṣọ ìbùsùn tuntun lágbàlá, wọ́n jókòó tì í kí adìyẹ má bàa wá ṣà á. Nígbà tó gbẹ, àwọn méjèèjì jọ gún un, ọmọ odó kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń lọ sókè bí èkejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Èyítáyọ̀ kò gún nǹkan rí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ odó rẹ̀ kọlu ti ìyá ọkọ rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n kù ú, wọ́n tún èyí tó ṣẹ́ kù gún. Títíloyè fi bó ṣe ń jó ṣúgà hàn án, bí a ṣe ń gbé e kúrò lórí iná kó tó korò, àti bí a ṣe ń da omi sí i láti òkèèrè kó má bàa ta síni lójú. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni Yorùbá Èyítáyọ̀ ti ń dán sí i. Ó bi í pé kí ni wọ́n ń pe eléyìí, kí ni wọ́n ń pe tọ̀hún, ó sì ń tún un sọ.

"Ọwọ́ rẹ ti le o, ìyàwó mi."

"Ó ń ta mí, ma."

"Ó máa dẹ̀. Jẹ́ kí n wò ó." Títíloyè fi òróró pa á lọ́wọ́.

Kéèkì kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ yan. Èyítáyọ̀ jẹ ẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Títíloyè kò lọ sílé. Ó ń wò ó bó ṣe ń rìn, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹun, ó ń tẹ́tí sí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ débi pé Èyítáyọ̀ pariwo láti inú rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ìtọ̀ lásán ni o!" Ọjọ́rú kọjá. Ọjọ́bọ̀ kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Èyítáyọ̀ ní ebi ń pa òun, ó jẹ iyán tí Títíloyè fi odó ìrẹsì náà gún, ó tún bu sí i. Títíloyè lọ dúró lẹ́yìnkùlé, ó jó díẹ̀, òun nìkan.

Ófùnù náà kéré, agolo kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi yan gbogbo rẹ̀, ìpele mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn là láàárín, wọ́n tún un ṣe. Láolú fi ọkọ̀ kó o lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ìyá rẹ̀ sì ń pariwo nínú gbogbo kòtò.

Nígbà tó tó àkókò láti gé kéèkì, ẹni tó ń darí ètò ní kí tọkọtaya fi ọwọ́ kan ọ̀bẹ. Wọ́n gé e. Ó dúdú, ó dúró ṣinṣin. Láolú mú ègé kan, ó wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sí Èyítáyọ̀ lẹ́nu. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Títíloyè kò pàtẹ́wọ́. Ọ̀fun ọmọ náà ló ń wò. Èyítáyọ̀ jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó wá yíjú sí ibi tí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí, ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà kó rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà nítòsí rò pé eré ìyàwó ni. Títíloyè bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì dà pọ̀ mọ́ ọn.

Díákóníìsì kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ tirẹ̀ tán, ó lá ìka. "Mọ́mì Kéèkì, èyí yàtọ̀ o. Ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí lẹ fi sí i?"

"Ìrẹsì," Títíloyè ní. Díákóníìsì náà rò pé ó ń fi òun ṣeré.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìdúpẹ́ ìgbéyàwó wà. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kí tọkọtaya dé. Aago mẹ́sàn-án kọjá, wọn ò tíì dé. Títíloyè kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pe Láolú, kò gbé e. Ó ń wo gbogbo ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ikpoba. Ó ń ronú nípa gbọ̀ngàn náà, nípa àwo tí wọ́n fi gbé kéèkì, nípa ọ̀bẹ: ta ló fọ ọ̀bẹ?

Ọkọ̀ Láolú yà wọlé. Èyítáyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, nínú aṣọ àwọ̀ yẹ́lò, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ kú àárọ̀, Mọ́mì. Ẹ má bínú, táyà ló jò." Ó rí ojú rẹ̀, ó yára dì mọ́ ọn. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí, ma. Inú mi dára. Mo tún jẹ méjì sí i láàárọ̀ yìí pẹ̀lú tíì."

"O jẹ méjì sí i?"

"Mẹ́ta," Láolú ní láti ẹ̀yìn. "Mo kà á."

Inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Títíloyè tún gèlè ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ti wọ́ sápá kan ṣe, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ wọlé.